Oúnjẹ àlejò ní abà Ìbàdàn

Èyí ni oúnjẹ àti ohun mímu tí wọ́n ń fi ṣe àlejò ní Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu, Àkáǹrán àti àwọn abà tó yí wọn ká. Omi tútù ló ń kọ́kọ́ dé. Obì lè tẹ̀lé e bí àlejò bá jẹ́ àgbà.

Àmàlà ni olórí. Èlùbọ́ ni wọ́n fi ń rò ó: wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sá a gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Láfún, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, funfun ní tirẹ̀. Gbẹ̀gìrì àti ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já ni ọbẹ̀ àmàlà. Bí a bá bu ọbẹ̀ ata lé méjèèjì, abùlà dé nìyẹn, kò sì sí oúnjẹ ilé ìtura tó tó o.

Ẹran ìgbẹ́ tàbí ìgbín ni wọ́n fi ń yẹ́ni sí. Ìtàn sọ pé ìgbín àti èso òro ni Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ lórí òkè nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́.

Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni ohun mímu. Ti àárọ̀ dùn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó sì ti le sí i. Ilé Mùsùlùmí kì í sábà gbé e kalẹ̀.