Orúkọ Àwọn Èèyàn Wa Nínú Ìwé Ìjọba Freetown

 

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lórí òkun ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Freetown ni wọ́n sábà ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Níbẹ̀, akọ̀wé á kọ wọ́n sínú ìwé: orúkọ, ọkùnrin àbí obìnrin, ọjọ́ orí, bí wọ́n ṣe ga tó. Wọ́n ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Havana ní Cuba náà. Lónìí, orúkọ tó lé ní 91,000 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ewé Slave Voyages. Kì í ṣe Yorùbá nìkan, àmọ́ tiwa pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù ọwọ́ yín sì tó láti fi wò ó.

Kíkà á ló gba sùúrù. Akọ̀wé yẹn ò gbọ́ èdè wa. Bó ṣe dún létí ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, kò sí àmì ohùn kankan. Nítorí náà, ẹ pe orúkọ náà sókè kí etí yín gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì fi oríṣiríṣi lẹ́tà wá a. Ẹ má yára sọ pé, "Ará ilé wa rèé!" Òjó, Àìná, Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n, bí wọ́n ṣe bí ọmọ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ìlú rẹ̀. Ẹ wo ọdún, ẹ wo ọkọ̀, ẹ wo èbúté tó ti gbéra.

Bíi ti Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, wọ́n tà á sọ́kọ̀ l'Ékòó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní 1822. Ìwé ìjọba lè sọ ti ọkọ̀ àti ọjọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, inú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 la ti kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà lájò gan-an. Àwa náà mọ bó ṣe ń rí kí akọ̀wé tí ò gbédè wa kọ orúkọ wa bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ àwọn bàbá àti ìyá wa tó kọ́kọ́ débí sílẹ̀, pẹ̀lú àmì, ìlú tí wọ́n ti wá, àti ọdún tí wọ́n dé. Ká má dúró de ẹni tí yóò bá wa kọ ọ́.