Ìkìlọ̀ Tí Kò Dé Etí Ará Bhopal

Ní ọdún tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò kan ṣubú nínú yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ oko ilé ẹ̀kọ́ wa sí, ó sì fọ́. Kíláàsì wa ló sún mọ́ yàrá náà jù. A kọ́kọ́ gbọ́ òórùn bí ti aáyù, lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá. Wọ́n ní kí a jókòó jẹ́ẹ́, kí a má pariwo, pé kò sí nǹkan kan. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ikọ́ fée kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni orúkọ oògùn náà?" Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni wọ́n dà á sí, kò sì sí ohunkóhun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rẹ́ mi tó padà sílé.

Mo gbé ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn lọ bá olùkọ́ ìtàn wa. Wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn ìlú Bhopal ní Íńdíà. Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń bèèrè ní òru ọjọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé gáàsì nìkan kọ́ ló pa ará Bhopal. Ẹnu tí àwọn tó mọ̀ pa mọ́ wà lára ohun tó pa wọ́n.

Bhopal ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh. Ní ọdún 1969, iléeṣẹ́ Union Carbide ti Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ní Íńdíà, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa ṣe oògùn apakòkòrò fún àwọn àgbẹ̀. Sevin ni orúkọ oògùn náà. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni methyl isocyanate, tí wọ́n ń gé kúrú sí MIC. Ohun olóró gidi ni. Bí omi bá kàn án, yóò gbóná, yóò hó, yóò sì di gáàsì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú táńkì ńlá, tí ó sì yẹ kó máa wà ní tútù nígbà gbogbo.

Ìkìlọ̀ kò wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, gáàsì mìíràn tó ń jẹ́ phosgene pa òṣìṣẹ́ kan nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1982, akọ̀ròyìn kan, Rajkumar Keswani, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ewu ńlá ń bọ̀ wá bá ìlú náà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà yẹ ilé iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì rí àléébù púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọjà kò tà mọ́, ṣe ni wọ́n ń dín owó ìtọ́jú kù. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1984, wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń mú kí MIC tutù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1984, omi wọ inú táńkì tí wọ́n ń pè ní E610. Kí aago méjìlá òru tó lù, ojú ti ń ta àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí aago kan ń sún mọ́lé, gáàsì ti ń tú jáde látojú ihò gíga. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fọ gáàsì náà kò lè kojú rẹ̀. Iná tó yẹ kó jó o dànù kò ṣiṣẹ́. Omi tí wọ́n ń fọ́n sókè kò ga tó ibi tó ti ń jáde. Nǹkan bí ogójì tọ́ọ̀nù ló jáde, ó sì rọra bo àwọn àdúgbò tálákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, níbi tí ènìyàn ti ń sùn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Wọ́n fọn fèrè ìkìlọ̀ sí ìlú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì pa á. Nígbà tó fi di nǹkan bí aago méjì tí wọ́n tún fọn ọ́n, gáàsì ti jáde tán. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe: wọ́n wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, wọ́n sì sá lọ sí òdìkejì. Ará ìlú kò mọ èyí. Ọ̀pọ̀ wọn sá tẹ̀ lé ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, gáàsì sì ń bá wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń sáré náà ni wọ́n ń mí gúlegúle, tí wọ́n sì ń fà á símú sí i. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn sí, nítorí náà ó rọrùn fún un láti mú àwọn ọmọdé. Aṣọ tí a rẹ sínú omi, tí a fi bo imú àti ojú, ìbá ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ta ni ó sọ fún wọn?

Ní ilé ìwòsàn Hamidia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn dókítà kò mọ gáàsì tí wọ́n ń bá jà. Nígbà tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé bíi tajútajú tí ọlọ́pàá ń yìn ni, kí wọ́n fi omi fọ ojú. Wọ́n ń fọ ojú, ẹ̀dọ̀fóró sì ń bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè Bhopal, tí kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ náà, igbákejì ọ̀gá ibùdókọ̀ kan wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, Ghulam Dastagir. Ọkọ̀ ojú irin kan kún fún èrò, àkókò rẹ̀ kò sì tíì tó láti gbéra. Dastagir ní kó máa lọ. Ó tún fóònù sí àwọn ibùdókọ̀ mìíràn pé kí wọ́n dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Bhopal dúró, kí wọ́n sì rán dókítà wá. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Gáàsì náà bá ara rẹ̀ jẹ́, ó sì kú ní ọdún 2003. Kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan lọ́wọ́. Fóònù àti ẹnu rẹ̀ ló fi gba àìmọye ènìyàn là.

Iye tí ìjọba kọ́kọ́ kéde pé ó kú ni 2,259. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di 3,787 nígbà tó yá. Àwọn mìíràn gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tí gáàsì náà kan lé ní 500,000. Ní ọdún 1989, iléeṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 470 dọ́là. Ó di ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ tó dá àwọn ọ̀gá kan lẹ́bi, ọdún méjì péré sì ni ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì lẹ́yìn Bhopal, wọ́n ṣe òfin pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aládùúgbò irú kẹ́míkà tó wà lọ́wọ́ wọn, kí ìlú sì ti gbìmọ̀ ohun tí wọn yóò ṣe bí ewu bá dé. Ó dùn mí pé ẹ̀yìn òkú ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dé.

Àwọn kan lè ní kí ló kan àwa pẹ̀lú Íńdíà. Bàbá mi àgbà jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Kí wọ́n tó fọ́n oògùn sí kòkó, wọn a bu eruku, wọn a dà á sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Wọn kò kà nípa Bhopal rí, ṣùgbọ́n ohun tí ará Bhopal kò mọ̀ lóru yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi kọ́ wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn yìí, èmi àti àwọn mẹ́rin nínú kíláàsì wa lọ bá olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, a sì tọrọ àyè láti wọ yàrá irinṣẹ́ náà pẹ̀lú wọn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà la bá níbẹ̀. Olùkọ́ mọ ohun tó wà nínú mẹ́rin, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára gàdàgbà. Àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tó wà nínú méjì tó kù. A gbé méjèèjì kúrò nítòsí kíláàsì, a sì kọ ọ́ sí wọn lára pé: "A KÒ MỌ̀ Ọ́N. MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN."