Mohammed Rafi, Olóhùn tí a kì í rí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí òbí yín fẹ́ràn fíìmù Íńdíà, ẹ bi wọ́n léèrè Mohammed Rafi. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ojú rẹ̀. Òṣèré a kàn máa mi ètè ni. Orin ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbà sílẹ̀. Àwa ará etí omi mọ irú rẹ̀: ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀ ni ará èbúté ń kí, kì í ṣe ẹni tó di àjẹ̀ mú lẹ́yìn.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Rafi sí ní Punjab, lọ́dún 1924. Ó dé Bombay ní 1944. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, ibẹ̀ ló dúró sí.

Fíìmù Baiju Bawra (1952) ló gbé e ga. Orin ìsìn Hindu kan wà nínú rẹ̀: Shakeel Badayuni ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Naushad ló ṣètò ohùn rẹ̀, Rafi ló kọ ọ́ lórin. Mùsùlùmí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Àlùfáà tó bá bínú sí èyí kò jẹ̀bi lójú wa. Ṣùgbọ́n ní 1960, Manna Dey, tí í ṣe Hindu, bá Rafi kọ qawwali, irú orin àwọn Súúfí, nínú Barsaat Ki Raat.

Inú oṣù ààwẹ̀ ló kú, ní 31 July 1980, lẹ́ni ọdún 55. Juhu ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Ní 2010 wọ́n wó ibojì rẹ̀ kí àyè lè gba òkú tuntun.