Orúkọ Ọmọ Ni Ìjánu Ọmọ: Bí PHP Ṣe Ń To Àkójọ

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àwọn àgbà ń pa òwe yìí láti fi hàn pé orúkọ tí a sọ ọmọ kì í fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rìn jìnnà tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yà, orúkọ ni yóò fà á padà. Ẹnu ẹṣin nìkan ni ìjánu wà, àmọ́ ẹni tó di ìjánu mú ti di gbogbo ẹṣin mú. Mo fẹ́ fi òwe náà yẹ irú àkójọ kan wò nínú PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1994, tó sì gbé jáde fún aráyé ní oṣù kẹfà ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ṣì ń fi í ṣiṣẹ́ títí di òní.

Nínú àkójọ yìí, ohun kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pe orúkọ náà. Bí ẹ bá kọ $oja['gààrí'] = 1200, gààrí ni kọ́kọ́rọ́, 1200 ni iye tó so mọ́ ọn. Ẹ pe gààrí nígbàkigbà, 1200 ni yóò dáhùn. PHP tún ń ṣe ohun kan tí kì í ṣe gbogbo èdè kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é: ó máa ń rántí bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Ohun tó kọ́kọ́ wọlé la óò kọ́kọ́ kàn bí a bá ń ka àkójọ náà, àfi bí a bá pàṣẹ pé kó tún wọn tò.

Àṣẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ pọ̀, ibẹ̀ sì ni òwe wa ti wúlò jù. Àṣẹ sort máa ń wo iye, á tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, á wá bọ́ gbogbo kọ́kọ́rọ́ sọnù, á fi 0, 1, 2 rọ́pò wọn. Ìjánu já nìyẹn. Owó ọjà wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni ti gààrí, èwo ni ti iyọ̀. Àṣẹ asort náà ń wo iye, àmọ́ kì í já orúkọ kúrò lára ohun tó ni ín. Orúkọ gan-an ni ksort ń wò: kọ́kọ́rọ́ ló ń tò, iye á sì máa tẹ̀ lé e lọ síbi tó bá lọ. Ṣùgbọ́n inú àkójọ fúnra rẹ̀ ni ksort ti ń ṣiṣẹ́. Kì í fi àkójọ tuntun ránṣẹ́ padà, true nìkan ló ń dá padà. Ẹni tó bá kọ $oja = ksort($oja) ti fi true rọ́pò gbogbo ọjà rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà kò ṣòro: 9 á ṣáájú 10. Bó bá jẹ́ 'ìpín 9' àti 'ìpín 10', ìpín 10 ni yóò ṣáájú, nítorí 1 ni PHP á kọ́kọ́ fi wé 9. Àṣàyàn SORT_NATURAL, tí a lè fi kún ksort, ló ń tún ìyẹn ṣe. Kí ẹni tó da nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nínú kọ́kọ́rọ́ àkójọ kan ṣoṣo kíyè sára. Ìlànà tí PHP fi ń fi nọ́ńbà wé ọ̀rọ̀ yí padà ní ẹ̀dà 8.0 lọ́dún 2020, ksort kò sì tẹ̀ lé ìlànà tuntun náà àfi ìgbà tí 8.2 dé ní 2022. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè yí ètò padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ksort kì í ka lẹ́tà rárá, nọ́ńbà báìtì ló ń kà. Nínú UTF-8, ìlànà tí a fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, 97 ni a, 122 ni z. Ṣùgbọ́n báìtì méjì ni lẹ́tà à ń gbà, 195 sì ni àkọ́kọ́. Ẹ, ọ àti ṣ ń gba báìtì mẹ́ta-mẹ́ta, 225 ni gbogbo wọn sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn z ni wọ́n ń bọ́ sí. Ẹ wo àkójọ ọjà kan lẹ́yìn tí ksort ti tò ó tán: gbúre, gààrí, iyọ̀, tòmátì, wàrà, àgbàdo, ṣúgà, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ábídí Yorùbá mọ̀ pé àgbàdo ló yẹ kó ṣíwájú, kí ẹ̀wà tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé gbúre kò gbọdọ̀ ṣáájú gààrí, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb láàárín lẹ́tà 25 tí a ní, ẹ̀yìn g ni ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀wà níbi tó yẹ kó wà kò ní rí i, ó sì lè rò pé kò sí lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lábẹ́ èyí. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú à: gẹ́gẹ́ bí àmì kan tó dá dúró, tàbí a lásán tí àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lọ́dọ̀ PHP, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí kíbọ́ọ̀dù méjì bá kọ àgbàdo lọ́nà méjì yìí, àgbàdo méjì ni yóò wà nínú àkójọ, ọ̀kan níwájú pátápátá, èkejì lẹ́yìn wàrà. Bí a bá pe ọ̀kan, èkejì kò ní dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí kọ́kọ́rọ́ Yorùbá kankan má wọ àkójọ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ Normalizer::normalize kọjá, èyí tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lè wá tò ó bó ṣe yẹ. Collator, tó wà nínú àfikún intl, mọ ètò lẹ́tà wa, nítorí CLDR, àkójọ ìmọ̀ èdè tí Unicode Consortium ń tọ́jú, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn e ni ẹ wà, lẹ́yìn g ni gb, lẹ́yìn o ni ọ, lẹ́yìn s ni ṣ. Collator kò ní ksort tirẹ̀, nítorí náà uksort, tó ń jẹ́ kí a fúnra wa yan ohun tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ wéra, la óò bá a lò:

$c = new Collator('yo');
uksort($oja, [$c, 'compare']);

Ìlà méjì péré, ọjà sì tò: àgbàdo, ẹ̀wà, gààrí, gbúre, iyọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣúgà, tòmátì, wàrà. Lẹ́tà ni Collator kọ́kọ́ ń wò. Ìgbà tí lẹ́tà ọ̀rọ̀ méjì bá bára mu, bíi ọkọ àti ọkọ̀, ló tó ń wo àmì ohùn. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń gbàlejò ìkànnì ló ti tan intl sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí wọ́n tàn án. Lójú tèmi, ìkànnì tó ń tajà tàbí tó ń tọ́jú ìwé atúmọ̀ fún àwọn tó ń ka Yorùbá kò ní àwíjàre mọ́.

Ibì kan wà tí ètò báìtì ti tọ̀nà. OAuth 1.0, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fọwọ́ sí ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, tí a kọ sílẹ̀ sínú RFC 5849 ní 2010, pa á láṣẹ pé kí a fi báìtì to orúkọ gbogbo ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́, kí a tó fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà tó gbà á á tún un tò lọ́nà kan náà, á sì wo bóyá ìfọwọ́sí bá a mu. Bí lẹ́tà kan bá kúrò ní ipò báìtì rẹ̀, ìfọwọ́sí kò ní bára mu, kò sì ní gbà á wọlé. Ẹ lo ksort pẹ̀lú SORT_STRING níbẹ̀, kí ẹ sì fi Collator sílẹ̀ fún ohun tí èèyàn máa fojú kà.