Ẹfọ̀n, Màlúù àti Ìrìn Ẹran Dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí ohun tí ó ń sọ ẹran jíjẹ di dáradára tàbí aláìdára, àti ipa tí ìtàn kó nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èrò mi ni pé kì í ṣe orí tábìlì alápatà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹran gbà dé ibẹ̀ ni a ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n. Kí màlúù tó máa wọ ìlú wa lójoojúmọ́ ni àwọn ọdẹ wa ti mọ ẹfọ̀n dájú. Ìwo rẹ̀ sì wà lára ohun ìbọ Ọya títí di òní. Ẹran líle ni, ẹran oníbìínú. Ọdẹ tí ó bá ṣe é léṣe lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí kí ó tó kú. Ìmọ̀ òde òní kọ́ wa pé ẹran tí ó sá títí, tí àyà rẹ̀ já, yóò ti lo ṣúgà inú iṣan rẹ̀ tán. Ṣúgà yìí ni ó máa ń di ásíìdì lẹ́yìn ikú. Bí ó bá wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n pH ẹran yóò lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 7 sí nǹkan bí 5.5, ẹran náà yóò pọ́n, kò sì ní tètè bàjẹ́. Bí kò bá sí, pH yóò dúró lókè 6. Ẹran yóò dúdú, yóò gan, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Abájọ tí àwọn ọdẹ fi ń yára gbé ẹran ìgbẹ́ ka orí iná àti èéfín.

Kí a má ṣe pa ẹfọ̀n tiwa pọ̀ mọ́ ẹfọ̀n odò tí wọ́n ń sìn ní Íńdíà àti Íjíbítì. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ìyẹn wò dáadáa. Ẹran ara rẹ̀ dúdú ju ti màlúù lọ, ọ̀rá rẹ̀ funfun, ọ̀rá inú iṣan rẹ̀ sì kéré. Nítorí pé awọ rẹ̀ nípọn, tí orí rẹ̀ sì wúwo, ẹran tí ó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá dúńbú rẹ̀, tí a bó o, jẹ́ nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ láàyè. Èyí tí a pa ní kékeré, tí a bọ́ dáadáa, kò jìnnà sí ti màlúù ní ẹnu. Arúgbó tí ó ti fa ohun ìtúlẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni ó máa ń le. Bí a ti lo ẹran láàyè ni a ṣe ń bá a nínú ìkòkò.

Èyí ni ó gbé wa dé Àpáta. Ní 1899 ni wọ́n dá oko àwòṣe sílẹ̀ ní Moor Plantation. Ní 1910 ó di olú ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn fún Gúúsù Nàìjíríà; ní 1921 ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; ní 1969 Yunifásítì Ifẹ̀ gba ilé ìwádìí IAR&T tí ó wà níbẹ̀ sábẹ́ àbójútó rẹ̀. Irè oko ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ní ti màlúù, eṣinṣin tsetse ni ọ̀tá ńlá ní ilẹ̀ wa. Òwe wa ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n tsetse kì í ṣe èyí tí ìrù lè lé. Muturu, Kẹ̀tẹ̀kú àti N'Dama lè fara da àrùn rẹ̀, àmọ́ wọn kò tóbi. Nítorí náà, màlúù funfun àwọn Fúlàní láti Òkè Ọya ni Ìbàdàn gbẹ́kẹ̀ lé.

Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1911. Ní 1916 ni wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Abner Cohen, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1969, ṣàlàyé bí òwò náà ti ń lọ: àwọn màlúù a fi ẹsẹ̀ rìn wá tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn alápatà Yorùbá a rà wọ́n láwìn, àwọn onílé ní Sábó a sì dúró fún wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó so òwò náà ró. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í jẹ́ kí ẹran sinmi. Alápatà tí ó jẹ owó fẹ́ pa ẹran rẹ̀ kíákíá kí ó lè san án, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi, omi àti koríko ni ẹran tí ó ti rìn jìnnà nílò.

Títí di òní, ojú àti ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ òǹrajà fi ń mọ ẹran, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn sì ti rí ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú màlúù tí a pa ní Bódìjà. Nígbà tí ilé ìpẹran ìgbàlódé wà ní Amósùn, ní Akínyẹlé, ọ̀rọ̀ gbígbé àwọn alápatà kúrò ní Bódìjà lọ síbẹ̀ di ìjà ní 2018, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ilé tuntun kò tó. Ẹni tí a fẹ́ kí ó kó lọ ní gbèsè, ó ní oníbàárà, ó sì ní ìtàn. Ẹni tí ó bá fojú fo ìtàn náà yóò kọ́lé tí èèyàn kò ní fẹ́ wọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ẹran sinmi kí ó sì mu omi kí a tó dúńbú rẹ̀, kí oníṣègùn ẹran yẹ̀ ẹ́ wò láàyè àti lẹ́yìn ikú, kí a wọn ẹran lórí òṣùwọ̀n, kí a sì bá àwọn alápatà wá owó yíyá tí kò ní máa lé wọn léré. Bí a bá ṣe èyí, ẹran tí ọmọ wa ń jẹ yóò yàtọ̀.