Wíwo Àbùùbùtán Nínú Ọkọ̀ Kékeré ní Etíkun Bẹ̀nẹ̀

Wíwo àbùùbùtán ni kí ènìyàn wọkọ̀ lọ sójú òkun láti fojú rí ẹran ńlá yìí láàyè, láìpa á, láìmú un. Fàájì òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ń kà á sí, ohun tí olówó ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ibi tí omi ti ń di yìnyín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá fa ìlà tààrà láti Jọ́gà-Orílé nílẹ̀ Yewa, kò tó 100 kìlómítà sí ibi tí àbùùbùtán ti ń bímọ. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, àbùùbùtán abuké wà nínú omi tó lọ láti Bàdágìrì dé Kútọnú, títí kan Lómé àti Gánà. Ohun tí àyọkà yìí dì mú ni pé ọkọ̀ kékeré ló yẹ iṣẹ́ yìí lápá ọ̀dọ̀ wa, àti pé kíkéré rẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀.

Àgbà abuké gùn tó mítà 12 sí 16. Ọmọ tuntun rẹ̀ pàápàá gùn ju mítà 4 lọ. Kì í ṣe ẹja: ó ń mí, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú. Nínú òkun yìnyín ìhà gúúsù ayé ló ti ń jẹun, ohun kéékèèké tó jọ edé ni oúnjẹ rẹ̀. Bí òtútù bá mú níbẹ̀, á gbéra wá sínú omi tiwa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti bímọ, ọ̀rá ara rẹ̀ ni á sì máa ná títí á fi padà. Ní 2001, Koen Van Waerebeek, onímọ̀ ẹran omi ará Bẹ́ljíọ̀mù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e kalẹ̀ pé ibi ìbímọ àwọn ará gúúsù ni etíkun yìí. Àkókò ni ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni abuké àríwá Atlantic ń bímọ. Nítorí náà, ìyá tó bá ń tọ́mọ jòjòló kiri ní Kútọnú ní Oṣù Kẹsàn-án, gúúsù ló ti wá. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má wá mọ́ rárá. Láti 1912 ni àwọn ará Nọ́wè ti ń pa wọ́n ní Cap Lopez ní Gàbọ́ọ̀nù, ìgbà dé ìgbà ni wọ́n sì ń pa wọ́n níbẹ̀ títí di 1959. Ọdún 1963 ni òfin tó de pípa abuké ní ìhà gúúsù ayé tó dé.

Ní Kútọnú, ẹgbẹ́ Nature Tropicale ti ń kó èèyàn lọ wò wọ́n. Èémí ni awakọ̀ ń wá kiri ojú omi, nítorí ó máa ń tú sókè bí èéfín. Tó bá rí i, á dẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn dúdú á yọ, á tẹ̀ kọrọdọ, ìrù fífẹ̀ á gòkè, omi á máa ro tótó létí rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀. Àmì dúdú àti funfun tó wà lábẹ́ ìrù yẹn kì í bá ti òmíràn mu, tó fi jẹ́ pé fọ́tò tí àlejò bá yà lè wúlò fún onímọ̀ tó ń kà wọ́n.

Ọ̀nà ọkọ̀ kékeré yìí kì í ṣe àwáwí aláìní. Apẹja kan ní San Diego ló bẹ̀rẹ̀ òwò wíwo àbùùbùtán ní 1955, dọ́là kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 2008, mílíọ̀nù 13 èèyàn ló ń ṣe é lọ́dún ní orílẹ̀-èdè 119. Ní Antarctica tó jẹ́ ti olówó, èrò 57 péré ni Lars-Eric Lindblad, tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́, kó lọ ní 1966. Títí di òní, ọkọ̀ tó bá kó ju 500 èrò lọ kò gbọ́dọ̀ sọ wọ́n sórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ọkọ̀, kékeré tàbí ńlá, ń da ìyá ọlọ́mọ láàmú. Òótọ́ ni: ìyá tí kò jẹun, tí a tún ń lé kiri, wàrà ọmọ rẹ̀ ló ń fi sá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ díẹ̀ ṣeé kó níjàánu: kí wọ́n dúró ní 100 mítà, bí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti wí, kí wọ́n má ṣe dí i níwájú, kí wọ́n sì tètè kúrò. Àwọn mìíràn á ní ẹran ni ẹran, pé èyí tí òkun bá gbé wá sétí omi, àdá ló kàn. N kò bá ẹni tí ebi ń pa jà; àmọ́ òkú ni ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì ń pín in. Èyí tó wà láàyè lè padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí apẹja tún fi pa owó. Ní ti pé kò kan ará oko bíi tiwa, òkun ti bo ilẹ̀ wa rí: òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì. Ní Kpogamé ní Tógò, egungun àbùùbùtán àtijọ́ ni wọ́n wú jáde láàárín òkúta fọ́sífétì tó dì bákan náà, tí wọ́n sọ ní Togocetus ní 2014.

Ìṣòro tó kù ni ti ìgbì. Ọ̀sà Bàdágìrì kò ní ẹnu sí òkun nítòsí. Ọkọ̀ tó bá gbéra níbẹ̀ gbọ́dọ̀ la ìgbì etíkun kọjá, tàbí kó rìn jìnnà dé ẹnu omi Èkó. Kútọnú ní èbúté tí a fi òkúta dáàbò bò. Nítorí náà, Ìlaròó, Ìdí-Ìrókò, Àjàṣẹ́ dé Kútọnú, ọ̀nà tí ará Yewa ti ń ná tipẹ́ lọ ra ọjà, ni ọ̀nà tó yá jù lọ sọ́dọ̀ àbùùbùtán.