Fáítéèsì: Ohun tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé Ibùjẹ Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ àpọ̀jẹ. Gbogbo ẹni tí ó ti ka ìwé Léfítíkù ni ó mọ èyí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí a fi ka ẹran náà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ohun kan náà yìí ni ó bí wàhálà ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wàhálà tí ẹ̀sìn kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá.

Ẹran tí ń dàgbà nílò fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì kí eegun rẹ̀ lè le. Èròjà yìí pọ̀ nínú àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà sóyà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó wà nínú ìdè kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáítéètì. Inú màlúù àti àgùntàn tí ń jẹ àpọ̀jẹ kún fún àwọn ẹ̀dá tín-íntìn-tín tí í tú ìdè náà. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn fi ń bu eegun lílọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀, tàbí fọ́sféètì tí a fi òkúta ṣe, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Hahotoé ní ilẹ̀ Tógò. Ẹran ń rí tirẹ̀ gbà. Èyí tí ó wà nínú ìdè sì ń bá ìgbẹ́ jáde.

Kì í ṣe pé aráyé kò mọ ohun tí ó lè tú u. Ní 1907 ni Suzuki, Yoshimura àti Takaishi ní ilẹ̀ Jàpáànù ti rí i nínú èèpo ìrẹsì: ẹ́ńsáìmù kan, èyíinì ni èròjà tí ẹ̀dá alààyè ń pèsè láti mú iṣẹ́ inú ara yá. Fáítéèsì ni a wá ń pè é. Àwọn ìyá wa tí ń rẹ àgbàdo kí ó hù kí wọ́n tó fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń jàǹfààní rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni irúgbìn tí ń hù fi ń tú ìdè ara rẹ̀. Ní 1968 àti 1971, T. S. Nelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí fáítéèsì tí wọ́n rí lára ẹbí ohun tí í hù sára búrẹ́dì tí ó bu. Wọ́n fi í sí oúnjẹ òròmọdìẹ, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ẹ́ńsáìmù olówó gọbọi nígbà tí òkúta fọ́sféètì wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú?

Ohun tí ó yí ọjà padà kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Ìgbẹ́ ni. Ní 1960, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wà ní Nẹ́dálándì kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 3 lọ. Ní 1987 wọ́n ti tó mílíọ̀nù 14, iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn ènìyàn ibẹ̀ dọ́gba. Ilẹ̀ náà kò lè bọ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó oúnjẹ wọn wọ Rotterdam: sóyà láti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ láti Táílándì. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọkọ̀ kankan tí ń kó ìgbẹ́ padà sí oko tí oúnjẹ náà ti wá. Ilẹ̀ oníyanrìn ti Noord-Brabant ni wọ́n ń dà á sí, títí fọ́sféètì fi kún un tí ó sì ń ṣàn lọ sínú odò. Ewéédò bo ojú omi, ẹja kò sì rí afẹ́fẹ́ mí.

Ní Oṣù Kọkànlá 1984 ni ìjọba fi òfin dí ọ̀nà mọ́ oko ẹlẹ́dẹ̀ àti ti adìẹ tuntun. Ní 1987 wọ́n fi fọ́sféètì díwọ̀n ìgbẹ́ tí a lè dà sílẹ̀: hẹ́kítà tí a gbin àgbàdo sí kò gbọdọ̀ gbà ju 350 kìlógíráàmù lọ lọ́dún, a ó sì máa dín in kù. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ yóò sanwó. Inú àwọn olùsìn kò dùn, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ìjọba kan náà ni ó ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún ọ̀sìn wọn.

Ìgbà náà ni fáítéèsì di àwárí. Ní 1990, P. C. M. Simons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nẹ́dálándì fi ìdánwò hàn pé bí a bá fi í sí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí ń dàgbà, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ ń gbà yóò fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, èyí tí ń bá ìgbẹ́ lọ yóò sì fi ìdá 35 dínkù. Ní 1991 ó dé ọjà ní orúkọ Natuphos. Àwọn tí ó ṣe é ti mú kí Aspergillus niger máa pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́. Ní 2001 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ka ẹran àti eegun lílọ̀ léèwọ̀ nínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn nítorí àrùn wèrè màlúù. Ní 2008 owó òkúta fọ́sféètì fò sókè. Ohun tí a kọ́kọ́ rà nítorí òfin wá di ohun tí olùsìn ń rà nítorí àpò ara rẹ̀. Ìjà ìgbẹ́ ní Nẹ́dálándì kò tíì parí ṣá o. Fáítéèsì kò lè kó náítírójìn kúrò nínú ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ náítírójìn náà ni ó sì mú kí àwọn àgbẹ̀ fi katakata dí òpópónà ní Oṣù Kẹwàá 2019.